Ojú Mi Ń Ṣomi, Àṣé Gbígbẹ Ló Gbẹ

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kátárákìtì sí ojú ọ̀tún mi, tí wọ́n yọ lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú, tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó kéré jù nínú àpò abẹ́rẹ́, mo sì ki òwú bọ ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n bá mi ki òwú. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò tíì rán ìlà kan tán tí ojú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bíi pé yanrìn wọ̀ ọ́. Omi ń dà wálẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, abẹ́rẹ́ tí mo rí kedere níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn sì ti di méjì. Mo ṣẹ́jú, ó padà di ẹyọ kan. Mo tún tẹjú mọ́ ọn, ó tún di méjì.

Àyà mi já. Mo rò pé iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Wọ́n kán oògùn kan tó pọ́n bí ọsàn sí ojú náà, wọ́n tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, wọ́n ní kí n má ṣẹ́jú, wọ́n wá ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọn ò ka ẹ̀fà tí wọ́n fi dúró. "Màmá, iṣẹ́ abẹ yín dára gan-an. Ojú yín ló gbẹ." Mo ní, "Dókítà, omi ń dà sí mi lọ́rùn, ẹ ní ó gbẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń bi àwọn nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ojú òsì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe tiwọn láyé àtijọ́, tí wọ́n fi òwú rán ojú wọn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú iná lésà. Gbogbo wa lojú wa gbẹ, ṣùgbọ́n kò gbẹ bákan náà, kò sì pẹ́ bákan náà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Aránṣọ ni mí, ẹni ọdún 67. Ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mo bi dókítà mi léèrè, tí mo kọ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ mi, tí mo sì dán wò lójú ara mi.

Ohun tó ń gbẹ gan-an

Omi tó bo ojú wa kì í ṣe omi lásán. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lókè rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fà á gbẹ, omi wà láàárín, ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá sì wà nísàlẹ̀ tó ń mú un lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dín kù, omi tó bo ojú á máa ya níbi kọ̀ọ̀kan, kí a tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tó ya yẹn ló ń ta wá. Nígbà tó bá ta wá tán, ọpọlọ á pàṣẹ fún ẹṣẹ́ omijé pé kó da omi sílẹ̀ ní kíá, omi ọ̀hún á sì ya wá láìsí òróró àti ohun tó ń yọ̀ yẹn. Bí ẹni da omi sórí ọ̀rá ló ń rí: á ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á tún gbẹ. Ohun tí dókítà ń kà fún mi nìyẹn, iye ìṣẹ́jú àáyá tí omi ojú mi fi dúró kó tó ya. Tí kò bá tó 10, wọ́n á ti máa fura. Tèmi kò pé 6.

Kí ló wá kan iṣẹ́ abẹ? Awẹ́ iwájú ẹyinjú, èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì tí wọ́n ń pè ní cornea, kún fún àwọn fọ́nrán iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ojú ti ń gbẹ, tí a fi ń ṣẹ́jú, tí omijé fi ń jáde. Láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wọlé, níbi tí funfun ojú ti pàdé dúdú, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀bẹ ti sábà máa ń wọlé. Tí ọ̀bẹ bá gé wọn, apá ibẹ̀ á kú tipiri fúngbà díẹ̀, a ò ní máa ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, a ò sì ní mọ̀. Ẹ tún fi oògùn ìparun kòkòrò tí wọ́n fi fọ ojú ṣáájú iṣẹ́ abẹ kún un, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, àti iná ńlá tí wọ́n tàn sí ojú tí wọn ò jẹ́ kó padé. Lẹ́yìn náà ni oògùn ìkánsójú tí a máa lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èyí tí mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá gbígbẹ ni

Ìdánwò tó rọrùn jù rèé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo ojú kan láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ fi èkejì wo lẹ́tà kékeré kan. Tó bá ń ṣú, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, kó jẹ́ èyí tó padé délẹ̀. Tí lẹ́tà náà bá mọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, tó tún wá ṣú, gbígbẹ ló sábà máa ń jẹ́. Gbígbẹ tún máa ń le sí i nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìwé kíkà, níwájú fáànù, tàbí tí a bá tẹjú mọ́ fóònù. Ojú á máa yún, á máa gbóná, ìpéǹpéjú á wúwo.

Tí ẹ bá ṣẹ́jú títí tí kò mọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yìn inú ojú lè wú. Àárín ohun tí ẹ ń wò á ṣú tàbí kí ìlà tó gún wọ́. Oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn náà, awọ tó gbé lẹ́ǹsì tuntun dúró lè di funfun, tí á sì dà bíi pé kátárákìtì ti padà wá. Ti awọ yẹn, iná lésà ló ń tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi ojú àtọwọ́dá, ìyẹn oògùn ìkánsójú tó ń rin ojú bí omijé, ò lè ṣe nǹkan kan fún méjèèjì.

Àwọn kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Tí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, tí ojú ń pọ́n sí i, tí ìríran ń lọ sílẹ̀, tí ìpin tó dà bí ọyún ń jáde, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọnú ẹyinjú. Bákan náà ni tí ẹ bá ń rí mànàmáná nínú ojú, tí àwọn àmì dúdú tuntun ń fò kiri, tàbí tí ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa kọ́tìnì bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ má sọ pé Ìyá Aránṣọ ní gbígbẹ ni.

Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín

Ẹ bi dókítà yín léèrè irú èyí tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀.

Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ dúdú ojú tó bíi mìlímítà 10 sí 12, wọ́n á yọ lẹ́ǹsì tó ti ṣú náà jáde lódindi, wọ́n á wá fi òwú nylon rán an padà. Òwú ọ̀hún tínrín ju irun orí lọ. Mo máa ń ronú nípa ọwọ́ tó ń rán irú ìyẹn, èmi tí mò ń pariwo nítorí ṣífọ́ọ̀nù. Ojú tí wọ́n là tó báyìí, fọ́nrán iṣan rẹ̀ tó gé pọ̀, ibi tí wọ́n ti rán an kì í sì í tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ojú ò ní lè tẹ́ bò ó dọ́gba. Nígbà mìíràn ìdí òwú kan lè yọ síta, kó máa gún ìpéǹpéjú. Bó ṣe rí fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń pariwo pé ojú àwọn gbẹ, kó tó di pé wọ́n rí ìdí òwú náà, tí wọ́n fa á yọ, ara sì tù wọ́n lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá rán tiyín, tí ó ń gún yín lójú kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣẹ́jú, ẹ ní kí wọ́n wo òwú kí ẹ tó ra oògùn kankan.

Ojú ọ̀tún mi, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, láìlo ẹ̀rọ tó ń fọ́ lẹ́ǹsì. Kátárákìtì mi ti gbó, ó ti le, ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, dókítà sì ní ẹ̀rọ á ní láti lo agbára púpọ̀ jù kó tó lè fọ́ ọ. Wọ́n ṣí awọ tó bo funfun ojú, wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan gba inú funfun náà wọlé, tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 7, wọ́n sì ti ibẹ̀ yọ lẹ́ǹsì. Ihò náà ń pa ara rẹ̀ dé, kò sábà gba rírán. Ó dára, kò sì ní ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n inú awọ tí wọ́n ṣí yẹn ni àwọn nǹkan tó ń ṣe ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá yẹn ń gbé. Tèmi gbẹ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ojú òsì mi, phaco ni. Ihò tí wọ́n lu kò ju bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n pẹ̀lú ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú rẹ̀, ó fọ́ lẹ́ǹsì túútúú, ó fà á jáde. Lẹ́ǹsì tuntun wọlé ní kíká, ó tú ara rẹ̀ ká nínú. Charles Kelman, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1967, àga dókítà eyín ló sì ti rí i, nígbà tí wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ha eyín rẹ̀. Ihò kékeré túmọ̀ sí fọ́nrán iṣan díẹ̀ tí ọ̀bẹ gé, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tó sì fi phaco wé àwọn tó ní ojú ọgbẹ́ tó gùn, ti phaco ni gbígbẹ rẹ̀ máa ń dín kù. Òótọ́ ni lára tèmi náà: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé phaco kì í gbẹ ojú. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú òsì yìí ta mí ju ọ̀tún lọ.

Ti lésà, tí ọ̀rẹ́ mi ṣe, orúkọ rẹ̀ máa ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn létí. Iná lésà ló ń la ojú, tó sì ń gé lẹ́ǹsì sí wẹ́wẹ́, kí abẹ́rẹ́ phaco tó wọlé wá kó o jáde. Àmọ́ kí ojú má bàa yí, wọ́n á fi òrùka kan mú un, òrùka náà á sì fà mọ́ funfun ojú gírígírí. Ó ń tẹ ibi tí ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá náà ti ń wá. Ojú ọ̀rẹ́ mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì gbẹ ju phaco tèmi lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Tí ojú yín bá ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fún yín láǹfààní láti yan, ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá lésà yẹn tọ́ fún yín.

Ohun kan tún wà: tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la etí dúdú ojú ní àfikún kí ìríran tó wọ́ lè gún, ẹ retí pé gbígbẹ á lé díẹ̀ sí i.

Ní gbogbogbòò, ọ̀sẹ̀ kìíní sí oṣù kìíní ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú á sì ti balẹ̀ nígbà tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án

Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí ṣáájú ojú ọ̀tún, ibí ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2017 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 136 tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ kátárákìtì. Ó ju ìdajì wọn lọ tí omi ojú wọn ń ya láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ráhùn ojú gbígbẹ rí. Iṣẹ́ abẹ kàn wá tú àṣírí ohun tó wà ńlẹ̀ ni.

Ewu rẹ̀ ju yíyún lọ. Ẹ̀rọ tó ń wọn ojú láti mọ agbára lẹ́ǹsì tí wọ́n máa fi sí i, orí omi tó bo ojú ló ti ń kàwé. Tí omi yẹn bá ti ya kélekèle, ìwọ̀n lè ṣì. Aránṣọ ló lè mọ bó ṣe máa ń rí tí a bá fi ìwọ̀n tó ṣì gé aṣọ tí kò ṣeé pààrọ̀. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà tí ojú yín bá máa ń yún tàbí tó ń ṣomi nínú afẹ́fẹ́, tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí oríkèé ríro, tí nǹkan oṣù yín ti dúró, tí ẹ ń lo oògùn ọ̀fìnkìn àti ara yíyún lóòrèkóòrè, tàbí tí ẹ ti ń kán oògùn ìfúnpá ojú fún ọdún púpọ̀. Wọ́n lè fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ìpéǹpéjú yín nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láti wo bí omi ṣe rin ín tó. Tí kò bá dé mìlímítà 5, gbígbẹ náà le.

Fún ojú òsì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni dókítà mi fi tọ́jú ìpéǹpéjú mi kí wọ́n tó wọn ojú náà, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ráhùn pé wọ́n ń fi àkókò mi ṣòfò. Mo ti tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà.

Oògùn ìkánsójú

Wọ́n fún mi ní ìgò mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́: èyí tó ń pa kòkòrò, èyí tó ń mú wíwú rọlẹ̀, àti èyí tó ń pa ìrora. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pé àwọn fúnra wọn lè mú kí ojú gbẹ. Ọ̀pọ̀ oògùn inú ìgò ló ní èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ benzalkonium chloride, ẹ máa rí i lára páálí. Tí a bá ń kán an lẹ́ẹ̀mẹjọ, lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, yóò máa jẹ awọ ojú. Àwọn kan nínú oògùn ìrora náà, bíi ketorolac àti diclofenac, lè ta ojú, wọ́n sì lè ha iwájú rẹ̀. Ohun tó fà á tí ojú òsì mi fi ta mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kí ni mo ṣe? Mo dá oògùn dúró fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ìgò kejì pamọ́ sẹ́yìn àpótí òwú, tí mò ń parọ́ fún ọmọ mi obìnrin pé mo ti kán an. Ojú wú nínú, ó pọ́n, dókítà bá mi wí bí ọmọdé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí oògùn bá ń ta yín, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù. Àwọn ló mọ èyí tó ṣeé dín kù àti èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ọ̀nà tí a wá ń gbà kán an nìyí. Ẹ fọ ọwọ́. Èyí tó bá ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, bíi ọ̀pọ̀ oògùn wíwú, ẹ mì ín dáadáa. Ẹ gbórí sẹ́yìn, ẹ fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó di bí àpò, láìtẹ ẹyinjú, ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú àpò náà. Ẹ̀kán kejì á kàn ṣàn dànù ni. Ẹnu ìgò ò gbọdọ̀ kan ojú tàbí irun ìpéǹpéjú. Ẹ padé pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má fún un pọ̀. Ẹ wá dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 5 kí òmíràn tó wọlé, kí èkejì má bàa fọ èkíní jáde. Tí ìpara bá wà níbẹ̀, òun ló kẹ́yìn. Èmi a máa fi píìnì há ègé aṣọ kékeré mọ́ orí tábìlì fún oògùn kọ̀ọ̀kan, pupa, àwọ̀ ewé, funfun. Mo bá kán an tán, mo yọ píìnì. Ó sàn ju kí n máa ronú pé "ṣé mo ti kán an?"

Omi ojú àtọwọ́dá la máa fi kún un. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá máa lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, ẹ wá èyí tí kò ní èròjà ìpamọ́ yẹn nínú, tó sábà máa ń wà nínú ike wẹ́wẹ́ tí à ń ṣẹ́ lẹ́nu, tàbí inú ìgò tí wọ́n ṣe lọ́nà àkànṣe fún un. Èyí tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní hyaluronate ló bá tèmi mu. Ti ọ̀rẹ́ mi ni carboxymethylcellulose. Ẹ má dúró kó tó ta yín kí ẹ tó kán an. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo ń kán an ní wákàtí méjì méjì, yálà ó ta mí tàbí kò ta mí, torí ojú tí fọ́nrán iṣan rẹ̀ ti gé lè gbẹ láìké sí ẹnikẹ́ni. Lálẹ́, èyí tó ki bí jẹ́lì ni. Á jẹ́ kí ìríran ṣú díẹ̀, nítorí náà orí ibùsùn ni mo ti ń lò ó.

Ẹ jìnnà sí oògùn tó ń sọ pé òun á mú kí ojú tó pọ́n funfun. Ó ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì ni, kò rin nǹkan kan, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ojú á tún pọ́n padà.

Ìpéǹpéjú, àti ṣíṣẹ́jú

Etí ìpéǹpéjú ni òróró tí mo sọ lókè ti ń jáde. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwa àgbà, ẹnu ihò rẹ̀ ti dí. Aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná débi tó máa jó ẹ̀yìn ọwọ́, tí a gbé lé ojú tó padé fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, á yọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó fi ìka fọwọ́ ra ìpéǹpéjú lọ sí ìhà irun rẹ̀, a ó sì nu etí rẹ̀. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ ṣe é lójoojúmọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má tẹ ojú náà, ẹ má fọwọ́ ra á, títí tí dókítà yóò fi ní ó yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún èmi. Ní àkókò yẹn, mo kàn ń fi òwú ìtọ́jú tí a fi omi sísè tó ti tutù rin nu ìpin kúrò láti ìdí imú lọ síta.

Nípa ṣíṣẹ́jú: mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ka iye ìgbà tí mo ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan tí mo bá ń rán kọ́là. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹni tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀ máa ń ṣẹ́jú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àti pé ìdajì nínú mẹ́rin tèmi kò padé délẹ̀. Báyìí, tí mo bá ti parí ìlà kan, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, màá padé ojú pẹ̀lẹ́, màá ka ẹ̀ta, màá fún un díẹ̀, màá là á, ìgbà márùn-ún. Mo lẹ̀ ọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ: ṢẸ́JÚ. Àwọn oníbàárà ń rò pé àwọn ni mò ń bá wí.

Mo yí fáànù kúrò níwájú mi kó máa fẹ́ ẹ̀yìn mi. Mo gbé tábìlì sílẹ̀ kí n lè máa wo ìsàlẹ̀, torí tí a bá ń wo òkè, ojú máa ń là gbàù, ibi tí afẹ́fẹ́ máa fà gbẹ á pọ̀. Tí mo bá ń jáde, awò tó yí ẹ̀gbẹ́ ojú ká.

Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá

Bí ojú ọ̀tún mi ò ṣe rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n di ihò kékeré tó wà ní igun ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ibi tí omijé ń gbà ṣàn lọ sí imú. Ohun tí wọ́n fi dí i kò tó orí píìnì. Kò dùn mí, ìṣẹ́jú méjì ló gbà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo sì ti ń dín ẹ̀kán oògùn kù. Wọn ò kọ́kọ́ ṣe é fún mi torí ojú náà ṣì ń wú. Wọ́n ní tí a bá dí ojú tó ń wú, oró inú omijé rẹ̀ náà la ti mọ́ ibẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń fún ní cyclosporine, oògùn ìkánsójú tó ń pẹ̀tù sí wíwú tó ń fa gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó. Kì í yára rárá: ó lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ènìyàn tó mọ iṣẹ́ tó ṣe, ó sì máa ń ta níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń jù ú nù lọ́sẹ̀ kejì.

Tí ó bá jẹ́ lẹ́ǹsì tó ń jẹ́ kí a rí ọ̀nà jíjìn àti tòsí pọ̀ ni wọ́n fi sí yín lójú, tí ìríran sì ń dà yín láàmú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú gbígbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ pé kí a pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Gbígbẹ díẹ̀ máa ń da irú lẹ́ǹsì yẹn láàmú gan-an.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò, ẹ kó gbogbo ìgò dání, kì í ṣe orúkọ wọn nìkan, títí kan èyí tí aládùúgbò fún yín. Mo fi àjẹkù lésì rán àpò kékeré kan fún tèmi. Ìgò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Dókítà wo ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó mẹ́rin sí apá kan tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ fi àwọn yìí sílẹ̀ fún mi, Màmá," mo sì gbé méjì lọ sílé.